Ọpọ́n Ayò Kì í Ṣe Ilé Tẹ́tẹ́



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí lè má dùn mọ́ àwọn ààfáà ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bínú.

Ní Olódò níbí, ní ọ̀nà Ìwó, àwọn bàbá kan wà tí wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ìrọ̀lẹ́ láti tayò. Ó ti lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe ẹgbẹ́ yìí. Nínú tafsíìrì Ramadan ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi wọ́n ṣe wáàsí. Mo ní tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta, mo ní ọ̀rẹ́ èṣù ni wọ́n. Àwọn èèyàn ké Allaahu Akbar, inú mi sì dùn. Láti ọjọ́ náà, méjì nínú àwọn bàbá yẹn kò wá sí mọ́ṣáláṣí wa mọ́. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń kírun Jímọ̀.

Nígbà tó di ọdún tó kọjá, ìyá kan ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 16, ọmọ ilé kéwú mi, ti ná owó ìdánwò rẹ̀ tán. Ibi tó ná an sí kò tó ìrìn ìṣẹ́jú méjì sí mọ́ṣáláṣí: ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní orí fóònù lòun ti kọ́kọ́ rí i. Mo bi í bóyá ó ti tayò rí. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ iye ilé tó wà lójú ọpọ́n.

Ojú tì mí. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí mo pa lórí ayò, n kò ṣe wáàsí ẹyọ kan lórí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kí ló fà á? Àwọn bàbá abẹ́ igi kò lówó lọ́wọ́, wọn kò sì ní gbohùn-gbohùn tí wọ́n lè fi dá mi lóhùn. Ẹni tó fi ilé rẹ̀ háyà fún onítẹ́tẹ́, sàfù àkọ́kọ́ ló máa ń wà, ó sì máa ń dáwó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ibi tí ọgbà ti lọ sílẹ̀ ni mo ti ń fò ó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀sìn sọ. Nínú Súúratul Máídà, àáyà 90 àti 91, Ọlọ́hun (SWT) ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti ìbọ̀rìṣà, Ó sì kà wọ́n sí ẹ̀gbin nínú iṣẹ́ èṣù. Lẹ́yìn náà ni Ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa: èṣù ń fi ọtí àti tẹ́tẹ́ dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàárín wa, ó sì ń fi wọ́n ṣẹ́rí wa kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti níbi ìrun. Òṣùwọ̀n rèé. Eré yòówù tí a bá fẹ́ dá lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lé e.

Àwa tí a ń bẹnu àtẹ́ lu ayò, hádíìsì nard la sábà máa ń mú wá, èyí tó wà nínú Sahih Muslim, tó fi ẹni tó ń ta nard wé ẹni tó ti ọwọ́ bọ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni nard? Eré àwọn ará Páṣíà ni, dáìsì ni wọ́n ń jù níbẹ̀, bí dáìsì bá ṣe bọ́ sílẹ̀ ni èèyàn yóò ṣe rìn. Ayò kò ní dáìsì. Ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ló ń jẹ.

Èyí tó jọ ayò nínú ìwé àwọn onímímọ̀ ni shatranj, tí ayé òde òní ń pè ní chess. Ẹnu àwọn àgbà kò sì kò lórí rẹ̀. Imam Maalik, tí àwa níhìn-ín ń tẹ̀lé mazhab rẹ̀, kò fẹ́ ẹ rárá. Ibn Taymiyyah ní haráámù ni. Ṣùgbọ́n Imam an-Nawawi, onímímọ̀ mazhab Shaafi'i tó kú ní ọdún 676 Hijra, ní makrúù ni, àfi bí owó bá wọ̀ ọ́ tàbí bó bá mú kí àkókò ìrun kọjá, nígbà náà ló di haráámù. Ẹni tó bá jìnnà sí i nítorí ọ̀rọ̀ Maalik, ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí irú àwọn àgbà báyìí yapa lé lórí, ta ni èmi tí màá fi lé bàbá arúgbó kúrò ní mọ́ṣáláṣí?

Mo lọ bá wọn lábẹ́ igi lẹ́yìn ìrun Àsárì.

“Ààfáà, ẹ jókòó. Ṣé ẹ tún wá wàásù fún wa ni?”

“Rárá o, bàbá. Àforíjì ni mo wá tọrọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn ti rí láti ọdún yìí wá. Èyí tó dàgbà jù ní àwọn jẹ́ 18 nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀, ó ku 5. Ó ní òfin méjì ni àwọn ní. Àkọ́kọ́, owó kò gbọdọ̀ yọjú síbi ọpọ́n. Èkejì, bí ládàánì bá ti pèrun, wọn á da ọmọ ayò sínú àpò, ẹni yòówù kó máa jẹ.

“Ààfáà, n kò ní parọ́ fún yín,” ó ní. “Òfin ìrun yẹn kò sí níbẹ̀rẹ̀. Àsárì máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ dáadáa. Ọjọ́ tí a sin ẹni àkọ́kọ́ nínú wa ni ọmọ rẹ̀ bi wá pé ìrun wo ni bàbá òun kí kẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ wa ló ti lo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó lè dá ọmọ lóhùn. Láti ọjọ́ náà la ti ṣòfin.”

Bàbá kejì ní ohun tó ń dun òun yàtọ̀. Ó ní òun fi àwọn ọmọ sílé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, òun kò kọ́ ẹyọ kan nínú wọn ní ayò. “Wọn ò mọ ayò, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ èmi náà.”

Ẹ̀yin ará, ẹ rí i pé àwọn bàbá yìí kò pe ara wọn ní mọ́láíkà. Wọ́n tún jẹ́wọ́ pé èébú tí ọ̀ta máa ń bú òpè ti kọjá àlà nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni Súúratul Hujuraat, àáyà 11, kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n wọ́n rí àṣìṣe wọn, wọ́n sì tún un ṣe. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ wo ló ń tìlẹ̀kùn bí wọ́n bá pèrun?

Bàbá kẹta wá fi nǹkan kan hàn mí lójú ọpọ́n. Ó ní bí ilé ẹnìkejì bá gbẹ tán pátá, tí ọmọ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ, dandan ni kí o ta á sí i kó lè rí nǹkan ta. Mo ronú sí i títí mo fi délé. Eré tí òfin rẹ̀ ní kí o má jẹ́ kí ilé ẹnìkejì ṣófo ni mo pè ní tẹ́tẹ́! Tẹ́tẹ́ gan-an, àpò tìrẹ tó bá gbẹ ni èrè rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ, owó ẹlòmíràn tó ń sunkún nílé ló jẹ.

Ẹnìkan á ní ká sáà dí ọ̀nà kí ìbàjẹ́ tó wọlé. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo là ń dí? Àwọn ọmọ wa kò gba abẹ́ igi máńgòrò dé ilé tẹ́tẹ́. Orí fóònù tí a fowó ara wa rà fún wọn ni wọ́n gbà. A ti fèrèsé pa, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, opolo tí Ọlọ́hun fún yín kì í ṣe fún tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, fi wákàtí 60 ta chess ní Times Square ní New York láti fi wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. N kò ní kí Mùsùlùmí fi wákàtí 60 jókòó ti ọpọ́n o, ìrun wákàtí márùn-ún ń dúró dè wá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọpọ́n lè kọ́ ọmọ tálákà ní ìrònú àti sùúrù. Tíkẹ́ẹ̀tì kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí àfi gbèsè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo fóònù àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ má baà kábàámọ̀ bíi ti bàbá kejì yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé, ẹ má fi háyà fún onítẹ́tẹ́. Súúratul Máídà, àáyà 2, ti kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin ààfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bá ẹni tó wà ní sàfù àkọ́kọ́ sọ òótọ́ kí a tó kọjú sí ẹni tó wà lábẹ́ igi. Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ bá onílé náà nílé rẹ̀. Kò tíì gbà, ṣùgbọ́n mo máa padà lọ.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá méjì yẹn padà wá sí mọ́ṣáláṣí wa. Mo ṣì ń retí èkejì.

Kí Ọlọ́hun forí jì wá, kí Ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi tẹ́tẹ́, kí Ó sì fi ìrun ṣe ìgbẹ̀yìn ayé wa. Aamiin.