Àánú Nìkan Kì í Wo Ẹranko Sàn

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Apollo Sea rì nítòsí Cape Town, ní orílẹ̀-èdè South Africa. Epo inú rẹ̀ tú sójú omi, ó sì lẹ̀ mọ́ pẹ́ńgúìnì bí 10,000 lára. Àwọn èèyàn sáré dóòlà wọn, àmọ́ bí ìdajì wọn péré ló padà sínú òkun láàyè. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2000, ọkọ̀ mìíràn, Treasure, tún rì ní agbègbè kan náà. Pẹ́ńgúìnì tí epo bò lọ́tẹ̀ yìí ń lọ bí 19,000. Síbẹ̀, nínú mẹ́wàá tí epo bò, bíi mẹ́sàn-án ló yè é. Òkun kò yí padà, ẹyẹ kò yí padà. Àwọn tó gba iṣẹ́ náà ṣe ló ti kọ́ ọgbọ́n sí i.

Ó yẹ kí ẹni tó bá ń pe ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ ní ìnákúnàá fara balẹ̀ ro ìyàtọ̀ yìí. Lọ́dún 1994, ooru àti àìrí atẹ́gùn mí wà lára ohun tó pa àwọn ẹyẹ náà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ibi ìtọ́jú. Nígbà tí Treasure fi máa rì, wọ́n ti mọ irú àpótí tó yẹ kí wọ́n fi kó wọn. Wọ́n tún ti mọ̀ pé kì í ṣe omi ló kàn. Ẹyẹ tí epo bò ń gbọ̀n, ebi ń pa á, ó sì ti gbé epo mì níbi tó ti ń fi ẹnu tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá kì í bọ omi lójú ẹsẹ̀, ìwẹ̀ náà gan-an lè pa á. Omi mímu ni wọ́n á kọ́kọ́ rọ fún un, pẹ̀lú èédú lílọ̀ tí ń fa májèlé inú. Wọ́n á mú un móoru, wọ́n á fi ẹja bọ́ ọ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́. Ẹnì kan á dì í mú, ẹnì kejì á máa fọ̀ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni wọ́n sì ń lò ní àyíká ojú. Bí ọṣẹ bá ṣẹ́ kù sára ìyẹ́ rẹ̀, omi á máa wọ̀ ọ́ lára, òtútù òkun á sì parí iṣẹ́ tí epo bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ náà lọ́dún 2000, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì fọwọ́ kan pẹ́ńgúìnì rí. Àwọn tó mọṣẹ́ ló ń tọ́ wọn sọ́nà: SANCCOB, tó ti ń tọ́jú ẹyẹ òkun ní Cape Town láti ọdún 1968, IFAW, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko, àti International Bird Rescue ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971 lẹ́yìn tí epo tú sí òkun San Francisco. Wọ́n tún kó pẹ́ńgúìnì bí 19,500 tí epo kò tíì kàn lọ sí Port Elizabeth, kí wọ́n lè fúnra wọn lúwẹ̀ẹ́ padà sílé nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ epo mọ́. Òótọ́ ni pé ìpàdé nìkan kọ́ ló ṣe gbogbo èyí. Owó wà níbẹ̀, oríire náà sì wà níbẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹgbẹ́ tó lè kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ tí ewu dé.

Ìdí nìyí tí àwọn tó rí jìnnà fi ń pe ara wọn jọ nígbà tí ewu kò sí. Ní Amẹ́ríkà, NWRA, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ẹranko ìgbẹ́, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, BWRC, tẹ̀ lé e lọ́dún 1987. Ìpàdé níbi tí olùtọ́jú ti ń kọ́ olùtọ́jú níṣẹ́ wà lára olórí iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ló lòdì sí ohun tí ọkàn rere máa ń sọ fúnni. Ọkàn rere ní kí èèyàn lé àgbọ̀nrín tó farapa títí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé eré àsápajúdé náà lè ba iṣan rẹ̀ jẹ́, kó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ láìsí ojú egbò. Ọkàn rere ní kí wọ́n gbé ọmọ òwìwí mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé yóò gbàgbé pé ẹyẹ lòun, kò sì ní lè dá gbé inú igbó mọ́.

Akíka ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé jù lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn aṣọ́bodè Singapore gbá ẹrù ìpẹ́ akíka méjì mú, ọ̀kan tọ́ọ̀nù 12.9, èkejì tọ́ọ̀nù 12.7. Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì ti wá, Vietnam ni wọ́n sì ń lọ. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa ìpẹ́ yẹn. Èyí tí kì í dé etí ayé ni ti akíka kan ṣoṣo tó ṣì wà láàyè nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ká ara rẹ̀ jọ rogodo, tí kò sì rí omi mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Ẹlẹ́yinjú àánú kan á rà á, á gbé e lọ sílé, á fún un ní wàrà màlúù àti ẹyin. Akíka kò ní eyín, èèrà àti ikán nìkan ló mọ̀ lóúnjẹ. Kì í pẹ́ tó fi ń kú.

Ní Zimbabwe, níbi tí Tikki Hywood Foundation ti ń tọ́jú akíka, akíka kọ̀ọ̀kan ló ní alábòójútó tirẹ̀, tó ń bá a rìn kiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó lè fúnra rẹ̀ wá èèrà jẹ. Kì í darí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tọ̀, tó ń ṣọ́ ibi tó ti dúró hú ilẹ̀ àti ibi tó ti kọ̀ láti jẹun. Ṣùgbọ́n akíka ilẹ̀ ni ti Zimbabwe. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, akíka aláyà funfun, igi ló ń gùn, òru ló sì ń jẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún kò lè bá tibí mu délẹ̀délẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú akíka ní Èkó, Kútọnu àti Lomé ló gbọ́dọ̀ jókòó ti ara wọn, kí wọ́n sọ irú èèrà tí tiwọn jẹ, àti irú ibùsùn tó jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni odídẹrẹ́, tí àdéhùn CITES fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè lẹ́yìn ìpàdé Johannesburg lọ́dún 2016, pọ̀ mọ́ akíka. Àwọn oníṣòwò ti gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ olùtọ́jú. Bó bá sì ní àrùn tí ń ba ìyẹ́ àti àgógó jẹ́ lára, tí wọ́n tú u sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, yóò kó o ran àwọn tó kù nínú igbó. Àánú tí wọ́n ṣe ẹyẹ kan á wá di ìparun fún agbo.

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ gidi nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ẹgbẹ́. Aránṣọ ní, mẹkáníìkì ní, ọdẹ náà ní. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń dáwó, wọ́n sì ń bá ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́ wí. Ó yẹ kí ẹni tó ń wo ẹranko sàn ní ẹgbẹ́ tó lágbára bíi ti ẹni tó ń pa á. Ti ọ̀bọ àti ìnàkí ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: lọ́dún 2000, àwọn alábòójútó ibùdó ìtọ́jú wọn pàdé ní Uganda, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ PASA sílẹ̀. Lónìí, ibùdó tó lé ní 20 ló wà nínú rẹ̀ káàkiri Áfíríkà, tó fi mọ́ Pandrillus àti CERCOPAN ní Calabar. Àwọn dókítà ẹranko wọn ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì ti kọ ìwé ìtọ́sọ́nà ìlera tí gbogbo wọn lè lò. Akíka, odídẹrẹ́, ìjàpá àti àwòdì náà yẹ fún irú rẹ̀.

Àwọn alátakò á ní owó oúnjẹ ẹranko pàápàá kò tó, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ìpàdé. Pé fídíò wà lórí YouTube, ẹgbẹ́ Wàásáàpù sì wà. Fídíò wúlò, àmọ́ kò lè di ọwọ́ èèyàn mú nígbà tó bá di ẹyẹ mú lódì. Nínú ẹgbẹ́ Wàásáàpù, àwòrán ẹranko tó sàn ni wọ́n ń gbé jáde. Ẹni tí mẹ́ta kú mọ́ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan náà kì í sọ̀rọ̀. Ikú wọ̀nyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó ṣọ̀wọ́n jù, lójúkojú láàárín ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n sì ti máa ń jẹ́wọ́ rẹ̀. Ní ti owó, oúnjẹ tí wọ́n fún ẹranko tí àìmọ̀ yóò pa lọ́la, òfò ni.

Àtakò kan wà tó tọ́: ìpàdé tó kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá nínú gbọ̀ngán hòtẹ́ẹ̀lì, fọ́tò àti owó ìrìnnà, kò wo ẹranko kankan sàn. Inú ibùdó ìtọ́jú ni kí wọ́n ti máa ṣe é, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ àgò, tó sì ń fún ẹranko lóúnjẹ, wà níbẹ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ ń mọ̀ bí ara ẹranko kò bá yá. Kí wọ́n pe àwọn aṣọ́bodè, tí wọ́n ń gba ẹranko lọ́wọ́ oníṣòwò, àti ọdẹ, tó mọ ibi tí akíka ń sùn. Kí ibùdó kọ̀ọ̀kan mú ìwé iye tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé iye tó tú sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ ní Yorùbá, Faransé àti Pidgin, kó má bàa jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kọ́ṣẹ́ lọ ilé.

Ìjọba tó fòfin de òwò akíka ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Akíka tí wọ́n gbà láàyè ní bodè, tó wá kú sọ́wọ́ olùtọ́jú tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú, kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tà. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùtọ́jú gbọ́dọ̀ wà nínú ìnáwó ìdáàbòbò ẹranko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oògùn àti owó àgò, lọ́dọọdún.