Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Géèmù Bá Kọ̀ Láti Tàn

Ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ń gbá géèmù lè jẹ́ èyí tó fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti tàn lẹ́yìn tí iná lọ tó tún dé lójijì, ẹ má ṣe fòyà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa.

Ẹ kọ́kọ́ wo ṣájà. Ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ wáàtì 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti 65 tí ẹ yá lè má gbé e. Ẹ yọ ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tó há sínú rẹ̀ lè gbẹ, kí ẹ tó dá ṣájà padà. Bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ fi okùn HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá yọ níbẹ̀, ojú rẹ̀ tàbí wáyà ojú náà ló ní àìsàn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ẹ gbé e lọ fún atúnṣe, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un kó má pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ yín sábà máa ń wà níbi ìpamọ́ rẹ̀ láìfarapa, bí iná kò tilẹ̀ wọlé mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.