Táìsì Dídán Kò Yẹ Balùwẹ̀

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Tanke nílùú Ìlọrin, ọ̀gá agbaṣẹ́ṣe kan là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn pé ilé tí táìsì rẹ̀ kò bá dán láti pálọ̀ dé balùwẹ̀, débi téèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ilé ẹni tówó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn mi orí, wọ́n gbà fún un, ohun tó ń bíni nínú jù sì nìyẹn. Táìsì dídán kò gbọdọ̀ dé ibi tí omi ń dé. Kò yẹ balùwẹ̀, kò yẹ kíṣìnì, kò yẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì yẹ iwájú ilé tí òjò ń rọ̀ sí.

Ìlọrin ló yẹ kó mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Ìlú tí àlùwàlá ti lè tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni. Bàbá arúgbó á gbé bútà ní ìdájí, á fọ ẹsẹ̀, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà sí yàrá nínú òkùnkùn nítorí iná ti lọ, omi á ṣì máa kán ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé orí dígí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa rìn?

Ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń yọ̀ kò fara sin. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán ojú táìsì náà débi pé omi kò ríbi sá sí. Omi á wá dúró láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ àti ilẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní kan táìsì mọ́. Bí ọṣẹ bá tún dà sí i, ìṣubú dé nìyẹn. Ní Jámánì, wọ́n á mú èèyàn rìn lórí pẹpẹ tí wọ́n to táìsì sí, wọ́n á da epo sí i, wọ́n á sì máa gbé e dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi yọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ ni wọ́n fi ń fún táìsì ní ìwọ̀n: R9 ló ń yọ̀ jù, R13 ló di ẹsẹ̀ mú jù. Fún ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú omi, A, B àti C ni wọ́n ń lò, C ló sì di ẹsẹ̀ mú jù. WHO, àjọ elétò ìlera lágbàáyé, sọ pé ìṣubú ń pa èèyàn bí 684,000 lọ́dọọdún, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Agbaṣẹ́ṣe yìí ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Dùbáì. Nínú òtẹ́ẹ̀lì ńlá níbẹ̀, òṣìṣẹ́ wà tó ń nu ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ni yóò nu ti ilé kan ní Gaa-Akanbi nílùú Ìlọrin ní aago márùn-ún ìdájí? Ó ní táìsì tí ojú rẹ̀ ṣe háráhárá máa ń gba ìdọ̀tí. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ń bẹ lọ́jà. Ó ní kí àwọn ará ilé máa wọ sálúbàtà. Ẹni tó gbowó kọ́lé fún èèyàn, tó wá ní kí wọ́n lọ ra sálúbàtà kí ilẹ̀ ilé wọn má baà pa wọ́n, kí ló fi ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá? Ó tún ní aláìbìkítà ló ń ṣubú. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó sá jáde nínú omi ìwẹ̀ ńkọ́?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní ẹni tẹ́rù ń bà kó tẹ́ rọ́ọ̀gì láti ògiri dé ògiri. Èyí tún burú. Láti ìgbà owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 ni rọ́ọ̀gì alẹ̀mọ́lẹ̀ ti ń yọ àwọn onílé lẹ́nu. Eruku ọyẹ́ ń wọ inú rẹ̀ láti Oṣù Kọkànlá dé Oṣù Kejì, kò ṣeé ká, kò ṣeé gbọ̀n, kòkòrò tí ojú kò rí ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ọmọ tó ní ikọ́ fée kò sì ní sùn. Mọ́sáláṣí gbogboogbò Ìlọrin tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1981 lè tẹ́ rọ́ọ̀gì, nítorí gbogbo èèyàn ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kì í sì dáná níbẹ̀. Nínú yàrá, ẹní tàbí rọ́ọ̀gì kékeré tó ṣeé gbé sóòrùn ti tó.

Ní ti ilẹ̀ títẹ́, àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ gbọ́n ju agbaṣẹ́ṣe yìí lọ. Àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà àti àgbàlá wọn, iṣẹ́ tí ìtàn so mọ́ Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ gbalaja. Wọ́n fi etí rẹ̀ dúró, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń ríbi tẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dídán, kó lẹ̀ ẹ́ sí pálọ̀ tí omi kì í dé. Iwájú ilé, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ kí ó tó gbẹ ti tó. Ti balùwẹ̀, kí olùrà bu omi sórí táìsì náà ní ìsọ̀, kó bọ́ bàtà, kó fi ẹsẹ̀ fà á. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, kó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kí ilẹ̀ náà sì dagẹ̀rẹ̀ sí ihò omi, nítorí àwọn bíríkìlà kan kì í ṣe é, omi á sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Onílé ní Tanke àti Òkè-Odò tó ti lẹ èyí tó ń dán sí balùwẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin, kó hú u kúrò kó tó gba owó ilé ọdún tó ń bọ̀.