Ẹ Kú Ọdún Ọmọdé, Ẹ Kú Àádọ́rin Ọdún Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́!

Ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí tún ti pé, kò sí kíláàsì, kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá, yunifọ́ọ̀mù tí ìyá ti lọ̀ láti alẹ́ àná sì ti wà lọ́rùn. Láti ọdún 1964 ni a ti ń ṣe Ọdún Ọmọdé ní Nàìjíríà, àmọ́ ti 2025 ní adùn tirẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà ló pé 70 ọdún géérégé tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún tọmọ olówó tọmọ tálákà. Ayọ̀ wa di méjì, ẹ jẹ́ ká pa á pọ̀ jó.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà bọ́ sí lọ́dún 1955. Àwọn tó wọ ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà. Ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe rí, ọwọ́ ni wọn ó kọ́kọ́ gbé sórí. Ìwé ọjọ́ ìbí ṣọ̀wọ́n nígbà náà, nítorí náà tíṣà á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ìka bá ti kan etí, ó tó ilé-ìwé í lọ nìyẹn. Bí kò bá kàn án, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, ilé yá. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó á wá máa dọ́gbọ́n: á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé èjìká sókè, á máa wá ọ̀nà tí etí yóò fi wá pàdé ìka. Tíṣà kúkú ń wò ó. Òmíràn á rẹ́rìn-ín, á sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pọ̀ jọjọ. Ní 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí 1955 fi máa dé, wọ́n ti lé ní 800,000. Níbo ni wọn ó jókòó sí? Ta ni yóò kọ́ wọn? Ọ̀pọ̀ ìlú ló kó ara wọn jọ, tí wọ́n po amọ̀, tí wọ́n mọ ògiri, kí àyè lè gba ọmọ wọn.

Orúkọ Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kò ní wọ́n lẹ́nu wa lónìí, ó sì tọ́ sí i. Ẹ má gbàgbé Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ẹni tó gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ láti 1952. Ṣùgbọ́n ní tèmi, àwọn àgbẹ̀ ni mo fẹ́ kí jù. Owó kòkó ló gbé ẹrù náà, pẹ̀lú owó orí tó wọ àwọn ènìyàn lára gidi. Wọ́n kùn. Àwọn kan ní bí gbogbo ọmọ bá gba ilé-ìwé lọ, ta ni yóò bá àwọn ká kòkó? Inú bí wọn débi pé nínú ìbò àpapọ̀ 1954, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀, ẹgbẹ́ alátakò NCNC ló borí. Àfi bí ilé-ìwé ti ṣí, táwọn tó ń kùn náà fa ọmọ lọ́wọ́ wá! Ẹ kú ọmọ rere o, ẹ̀yin tí ẹ fi àáké àti àdá rán ọmọ níwèé. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 ti sún ẹ̀tọ́ náà dé ọdún mẹ́sàn-án báyìí, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ọdún Ọmọdé, ká lọ sí pápá tí àwọn ilé-ìwé ti ń yan. Inú mi máa ń dùn bí àwọn ọmọ bá ń yan bí ológun, tí bọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kun bàtà káńfáàsì tó ti ń pọ́n, tí orí àwọn ọmọbìnrin sì ń dán fún ṣùkú tuntun. Ẹ wo ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn pátápátá yẹn: ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbé pọ̀. Kò sí ilé-ìwé tí kò ní irú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò sì rí àṣìṣe kankan, ó ti fò sókè, ó ń pariwo pé, “Ọmọ mi nìyẹn! Ọmọ mi nìyẹn!” Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin òṣèlú ni pé kí ẹ gé ọ̀rọ̀ yín kúrú. Oòrùn ń pa àwọn ọmọ, ìrẹsì sì ń tutù nínú kúlà. (Àwọn ará Èkó ní ìdí láti fa ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. A gbà fún wọn, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.)

Bí ẹ bá ti kúrò ní pápá, àdúgbò ló kù. Ibẹ̀ gan-an lọdún ti ń dùn. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ẹ fi igi dí títì lójú méjèèjì. Ẹ gbé ọpọ́n ayò síta, ẹ wá okùn tó yi fún fàmí-n-fà-ọ́, ẹ kó àpò ìrẹsì òfìfo jọ fún eré ìsáré inú àpò. Ẹ gbé àga fún àwọn ọmọ 1955, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti etí pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń kiri omi kọjá lọ, ẹ sọ igbá kalẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ ra omi náà tán, kó wá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ọdún tirẹ̀ náà ni.

Eré ìsáré àwọn òbí ló kẹ́yìn. Ẹ̀yin bàbá tí orúnkún máa ń dédé dùn yín bí wọ́n bá ti pe orúkọ yín, a ti gbọ́ àwáwí ti èṣí. Ẹ bọ́ agbádá, ẹ bọ́ sórí ìlà. Àwọn ìyá ti fún gèlè mọ́rí, wọ́n sì ti so ìró mọ́lẹ̀ dáadáa.