Kí ẹ tó gbà kí wọ́n fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa pàdánù orí méjì nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní sáà yìí. Olè kọ́ ló jà á. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń kú lójijì: ojú rẹ̀ á di búlùú, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyẹn ò bèèrè nǹkan kan, ó fọ́máàtì rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ojú búlùú tún dé, torí dírẹ́bà àtijọ́ kan náà ló tún gbé sí i láti orí fúláàṣì rẹ̀.

Mo rò pé a ti sọ fọ́máàtì di oògùn gbogbonìṣe.

Dírẹ́bà, bẹ́ẹ̀ ni, bíi ti dánfó. Ká ní èmi ni mo ń sọ ọ́ lórúkọ ni, ògbufọ̀ ni mi ò bá pè é. Windows ò gbọ́ èdè káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, kò gbọ́ ti Wi-Fi. Dírẹ́bà ló ń túmọ̀ fún wọn. Oṣooṣù ni Windows ń gba àtúnṣe, ògbufọ̀ sì lè wà níbẹ̀ láti 2015 kó má kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Bí Word bá ṣe àṣìṣe, Word nìkan ló máa kú. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn Windows ni ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mọ̀rì, Windows á dá gbogbo nǹkan dúró kí nǹkan má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú búlùú náà nìyẹn.

Tọ́kùnbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ fún Windows 7, ẹni tó tà á ti gbé Windows 10 sí i, dírẹ́bà ò yí padà.

Ẹ ya fọ́tò ojú búlùú yẹn. Ti ọ̀rẹ́ mi, VIDEO_TDR_FAILURE ló kọ síbẹ̀. Káàdì àwòrán ló ń tọ́ka sí. Nígbà mìíràn ẹ máa rí orúkọ fáìlì, bíi nvlddmkm.sys, ti Nvidia. Ẹ gba Safe Mode wọlé, níbi tí dírẹ́bà ò ti pọ̀, kí ẹ kó iṣẹ́ yín sórí fúláàṣì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára dírẹ́bà nínú Device Manager. (Bí ẹ bá rí 21 June 2006, ẹ má bẹ̀rù. Microsoft ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sára tirẹ̀, kí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ lè borí rẹ̀.) Orí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ ti wá tuntun, ẹ má gbọ́ ti àwọn áàpù tó ń pariwo pé àwọn á tún gbogbo dírẹ́bà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sì jẹ́ tuntun ló dá wàhálà sílẹ̀, Roll Back Driver á dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́ dírẹ́bà o. RAM tó bàjẹ́ máa ń ṣe irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gbowó lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí fún mi kó tó pa fáìlì mi rẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ti wá dírẹ́bà tuntun sí i. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kọ̀ǹpútà náà ò kú. Orí kejì ló ń tún kọ lọ́wọ́.