Ẹ̀yìn Ríro: Ìrìn Ni Oògùn Rẹ̀, Kì Í Ṣe Ìdùbúlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìfipamọ́, ṣùgbọ́n ó kan àpò olúkúlùkù wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ìbàdí àti orúnkún tó ń ro wá ni.

Iṣẹ́ wa ni iṣẹ́ tó ń tẹ ẹ̀yìn. Àgbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọn ìyá wa tó ń yan gààrí, àti àwọn tó ń dín dòdò Ìkirè, á jókòó sórí àpótí nídìí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ̀yìn bá wá mú wa, kí là ń ṣe? A ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó máa gbé oògùn apàrora mì, a ó sì ra bẹ́líìtì tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀. Èrò tiwa ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń náni lówó ju bó ṣe ń woni sàn lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni ẹ̀yìn ń dùn ní ọdún 2020, nítorí náà kì í ṣe àwa nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ náà gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára. Wọ́n fọwọ́ sí eré ìdárayá àti ìtọ́ni. Wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì, wọn kò sì fọwọ́ sí oògùn líle bíi Tramadol. Ní ti ìdùbúlẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti pa á tì, torí pé bí iṣan kò bá ṣiṣẹ́, ńṣe ló ń rọ.

Ní ọdún 2024, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti Ọsirélíà. Ènìyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san ni wọ́n lò. Wọ́n kọ́ àwọn kan láti máa rìn, díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Wọn kò kọ́ àwọn yòókù ní nǹkan kan. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 112, ìrora ti padà bá ìdajì àwọn tí wọn kò kọ́. Ti àwọn tó ń rìn di ọjọ́ 208. Ìrìn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣebí iṣẹ́ oko ti tó eré ìdárayá?” Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ oko ń lo iṣan kan náà lójú kan náà. Kò sí ìjókòó tàbí ìdúró kan tó dára tó ká wà nínú rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ká máa yí i padà ló ṣe pàtàkì. Kí ẹni tó ń yan gààrí máa dìde nàró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àgbẹ̀ máa na ẹ̀yìn, kó sì wá ọkọ́ tí ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ gùn. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó máa jókòó sórí àga, kó máa dìde láìfọwọ́ti nǹkan, bó bá ṣe lè ṣe é mọ. Iṣan itan tó lágbára ló ń ran orúnkún lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún ibuprofen àti diclofenac. Bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́ láìrí dókítà, wọ́n lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Owó tí a yá fún iṣẹ́ oko, bó bá ti gba ilé oògùn lọ, kò lè bímọ mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń kú tìpìrì, bí a kò bá lè mú ìtọ̀ dúró, bí ibà tàbí rírù bá bá ẹ̀yìn ríro rìn, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Àárín Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ la wà. Àwọn onímọ̀ físíò ń bẹ ní UCH àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Àbá wa rèé: kí a máa dìde na ara lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan nípàdé, kí a pe onímọ̀ físíò kan wá bá wa sọ̀rọ̀, kí ẹgbẹ́ sì jọ ra ọkọ́ ẹlẹ́rùúkọ́ gígùn. Ẹ mú èrò yín wá sípàdé. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́