KÍ WỌ́N KA ÌLÉRÍ ÀTIJỌ́ KÍ WỌ́N TÓ ṢE TUNTUN



Nígbàkigbà tí ìjọba bá ní òun fẹ́ tún ètò iná oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ yẹ̀ wò, àyà wa a máa já. Ní 2005 wọ́n kọ ìwé ètò ńlá kan. Ní 2015 wọ́n fọwọ́ sí òmíràn. Wọ́n ṣèlérí pé tí yóò bá fi di 2030, Nàìjíríà yóò ní 30,000 mẹ́gáwáàtì, àti pé 30 nínú 100 rẹ̀ yóò ti ara oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ wá. Ní oṣù kẹjọ 2022, wọ́n tún gbé ètò mìíràn jáde, wọ́n ní kí á máa wo ọ̀nà 2060. Ìwé ń gorí ìwé. Iná dà?

Ní oṣù kẹta 2025, wọ́n ń yọ̀ pé iná tó wọ wáyà pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀ kò pé 6,000 mẹ́gáwáàtì, fún èèyàn tó ju 200 mílíọ̀nù lọ!

Ní 2016, ilé-iṣẹ́ 14 bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé láti fi oòrùn pèsè iná tó ju 1,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ síwèé tán, ìjọba ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù láti sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà 11.5 sí 7.5. Àríyànjiyàn yìí dá iṣẹ́ náà dúró fún ọdún púpọ̀.

Àwọn kan ní ayé ń yí, ètò náà gbọ́dọ̀ yí. A gbà: ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míì. Ṣùgbọ́n onígbèsè kọ́ ni í fọwọ́ ara rẹ̀ pa gbèsè rẹ́.

Àwa ni à ń jìyà rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà lórí yúníìtì kan. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá rí iná á tan jẹnẹrétọ̀. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá wọ́n, òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín kù. Bí wẹ́dà àti fọkanáísà kò bá rí iná lò, awakọ̀ ni yóò san owó epo tí wọ́n fi ṣiṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣeé ṣe. Kainji ti ń fún wa níná láti 1969, Jebba láti 1985. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló kọ́ wọn.

Ohun tí a fẹ́ nìyí:

1. Kí ìjọba tó dárúkọ iye tuntun, kí ó ka ti àtijọ́ síta: ohun tó ṣèlérí, ohun tó ṣe, àti iye owó tó ná.

2. Kí aṣojú òṣìṣẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ ètò náà wò.

3. Òfin iná mànàmáná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣètò iná tirẹ̀. Kí ìjọba Kwara sọ iye iná tí yóò dé Ìjàgbò, kí ó sì sọ ọdún tí yóò dé.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!